Gáàsì Inú Fíríìjì Tuntun Ń Gbiná

Ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ ń tún fíríìjì ṣe, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí R600a tàbí R290, ìbátan gáàsì ìdáná ló wà níbẹ̀. Isobutane ni R600a, propane ni R290. Kò dà bí R134a tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ṣẹ́.

Ti fíríìjì ilé kì í sábà ju 150 gíráàmù lọ. Ó kéré o, ṣùgbọ́n bí isobutane bá ti tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́, iná tó ta lára súwíìṣì lè mú un gbiná. Imú kì í sábà gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń sùn sí, nítorí náà ẹ ṣí ilẹ̀kùn, fèrèsé òkè nìkan kò tó. Bí ẹ bá fura pé ó ń jò, ẹ má tan iná, ẹ má pa á.

Iná jíjó páìpù ni mo bẹ̀rù jù. Gáàsì ti jáde tán lójú yín, àmọ́ ó ṣì kù nínú òróró kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Ẹ fà á gbẹ, ẹ fi nitrogen fọ páìpù, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ páìpù gé e. Ẹ má fi oxygen dán an wò láéláé.

Àwọn kan ń rọ R290 sínú ẹ̀rọ R22 nítorí owó pọ́ọ́kú. A kò ṣe wáyà inú rẹ̀ fún gáàsì tó ń gbiná.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù lọ sílé, fíríìjì àlòkù wà lára ọjà tí Nàìjíríà kà léèwọ̀. Bí ẹ bá fi tuntun ránṣẹ́, ẹ sọ irú gáàsì inú rẹ̀ fún oníṣẹ́ tí yóò máa tún un ṣe.