Ìwúlò Àkọsílẹ̀ Àtijọ́ fún Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Òwe méjì kan wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wọ́n sì tún ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Òwe kìn-ín-ní bu ọlá fún ohun àtijọ́; èkejì kìlọ̀ pé ohun tí ó bá ìgbà kan mu lè má bá òmíràn mu. Àárín òwe méjèèjì ni olùkọ́ máa ń wà nígbà tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà.

Ètò ìṣàkóso ni àkójọpọ̀ àṣẹ tí ó dúró láàárín ẹ̀rọ àti àwọn iṣẹ́ tí à ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Òun ni ó ń pín àyè ìrántí ẹ̀rọ, òun ni ó ń pinnu iṣẹ́ tí ó kàn, òun náà ni ó ń tọ́jú àwọn fáìlì. Ènìyàn ni ó kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí ní èdè tí ènìyàn lè kà, kí a tó yí wọn padà sí èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé. Èyí tí ènìyàn lè kà ni à ń pè ní àkọsílẹ̀ níhìn-ín. Àkọsílẹ̀ Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti ju 30,000,000 ìlà lọ. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè kà á tán ní sáà kan, kò sì sí olùkọ́ tí ó lè kọ́ni ní gbogbo rẹ̀.

Ti Unix àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ni ó pilẹ̀ rẹ̀ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní 1975. Ní 1976, John Lions, olùkọ́ ní Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, tẹ àkọsílẹ̀ ọkàn ètò náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kò tó 10,000 ìlà. Ó fi nọ́ńbà sí àwọn ìlà náà, ó sì kọ ìwé àlàyé tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé odindi ètò lọ́wọ́, kí ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dà keje jáde ní 1979, ilé-iṣẹ́ AT&T tí ó ni ín fi sínú ìwé àdéhùn pé a kò gbọdọ̀ fi àkọsílẹ̀ náà kọ́ni ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ padà sí àlàyé ẹnu lásán, ìwé Lions sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe àdàkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nítorí èyí ni Andrew Tanenbaum ní Amsterdam fi kọ ètò tirẹ̀, Minix, ní 1987, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan kà. Ìwé Lions kò jáde ní gbangba títí di 1996.

Kí ni ẹni tí kò rí àkọsílẹ̀ kà pàdánù? Àpẹẹrẹ kan yóò fi yéni. Bí iṣẹ́ kan bá bèèrè ohun kan lọ́wọ́ dísìkì, dísìkì kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ètò yóò kọ ohun tí iṣẹ́ náà ń retí sílẹ̀, yóò mú un sùn, yóò sì gbé ọpọlọ ẹ̀rọ fún iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí dísìkì bá ṣe tán, yóò kan ilẹ̀kùn. Ètò yóò sì jí gbogbo iṣẹ́ tí ń retí ohun náà. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà ti rí i pé ohun tí òun ń retí kò tíì dé, tí kò sì tíì sùn ńkọ́? Ètò kò ní rí ẹni jí. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yóò sùn, kò sì ní sí ẹni tí yóò jí i mọ́. Ọgbọ́n tí àwọn tí ó kọ Unix dá ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ dísìkì fún ìgbà díẹ̀, títí iṣẹ́ yóò fi sùn tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìlà díẹ̀ tí ó ṣe èyí yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ewu náà àti ojútùú rẹ̀.

Níbí ni òwe kejì ti wọlé. Ọpọlọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ PDP-11/40 tí Lions fi kọ́ni ní. Kọ̀ǹpútà òde òní, títí kan fóònù, ní ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá ti ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ ọpọlọ kan, òmíràn lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹni tí ó bá gbé ọgbọ́n 1975 sórí ẹ̀rọ òní láìtún un ṣe yóò kọ ètò tí yóò máa dákú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí òun kò sì ní mọ ìdí.

Èdè tí a fi kọ ọ́ pàápàá ti yí padà. Nínú èdè C ìgbà náà, x =+ 1 túmọ̀ sí pé kí a ro 1 mọ́ iye x; lónìí, x += 1 ni à ń kọ. Bí a bá kọ ti àtijọ́ fún ẹ̀rọ òde òní, ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ńṣe ni yóò sọ x di 1. Ẹni tí ó bá rí “aiye” nínú ìwé àtijọ́ mọ̀ pé “ayé” ni. Ìrísí nìkan ni ó yí padà. Èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìrísí kò yí, ìtumọ̀ ni ó yí.

Ní 2002, àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀dà kẹfà àti ìwé Lions kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe iyèméjì pé kí ni àwọn yóò fi ètò ọgbọ̀n ọdún ṣe, lórí ẹ̀rọ tí kò sí mọ́. Ní 2006, àwọn olùkọ́ náà tún un kọ ní èdè C òde òní, wọ́n sì pè é ní xv6. Sísùn àti jíjí ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àgádágodo kún un: bí ọpọlọ kan bá mú kọ́kọ́rọ́ dání, òmíràn ní láti dúró. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò mọ ohun tí ó wà títí àti ohun tí ó bá ẹ̀rọ kan lọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe ju àkọsílẹ̀ àtijọ́ nù, kí ó má sì fi í kọ́ni bí ẹni pé ti òní ni. Ìbéèrè méjì ni kí ó máa béèrè lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro wo ni àwọn ìlà wọ̀nyí wá yanjú? Kí ni ó mú kí ojútùú yìí tó nígbà náà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í tètè gbó. Ti èkejì a máa bá ẹ̀rọ gbó. Àkísà àgbà kò ṣeé wọ̀ lọ sóde, ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni ọmọdé ti lè rí bí a ti hun aṣọ.