Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Gé Aṣọ Tuntun Sí Wẹ́wẹ́?

Bí ìyàwó ilé kan ní àdúgbò wa bá lọ sọ́jà, tó fi owó gidi ra yáàdì mẹ́fà aṣọ òwú tó dára, tó délé, tó fọ̀ ọ́, tó lọ̀ ọ́, tó wá gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tó sì tún jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti máa rán àwọn wẹ́wẹ́ náà padà di ẹyọ kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé rẹ̀ ránṣẹ́ pe alàgbà kó wá bá wọn gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ní Amẹ́ríkà, àìmọye obìnrin, àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ pẹ̀lú, ló ń ṣe èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí orí wọn sì pé. Quilt ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń rán. Ìbora alábùlẹ̀ ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti bá irú ìbora bẹ́ẹ̀ pàdé lórí ibùsùn nígbà tí ẹ lọ bá wọn wẹ ọmọ tuntun, tàbí kí aládùúgbò kan gbé e wá fún ọmọ náà lẹ́bùn. A mọ̀ pé àwọn ìyá kan máa ń fi ojú kan wò ó. Nílẹ̀ wa, ìṣẹ́ ni wọ́n fi àbùlẹ̀ mọ̀. "Ṣé aṣọ odidi wọ́n lọ́dọ̀ wọn ni?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ó yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹni tó gbé ìbora náà wá ti lè fi oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rán an.

Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀

Ìpele mẹ́ta ni ìbora alábùlẹ̀ ní. Ti òkè ni àbùlẹ̀ wà. Ti àárín jẹ́ òwú tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, òun ló ń mú ara móoru. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ aṣọ lásán. Bí wọ́n bá ti to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ rán wọn gbà já káàkiri, kí òwú àárín má bàa ṣù jọ sí igun kan. Rírán gbà já yìí ló sọ ọ́ di quilt. Láìsí i, aṣọ àlẹ̀pọ̀ lásán ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í létí yíká.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ká ní a gé aṣọ sí onígun mẹ́rin tó jẹ́ íǹṣì 5 níbùú lóròó. Ojú rírán yóò jẹ ìdá mẹ́rin íǹṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò wá ku íǹṣì 4 àbọ̀. Bí a bá fẹ́ ìbora tó fẹ̀ ní íǹṣì 81, tó sì gùn ní íǹṣì 90, a óò to 18 níbùú, a óò to 20 lóròó. Ẹyọ 360 nìyẹn, èyí sì ni irú tó rọrùn jù lọ, tí ọmọdé lè fi kọ́ṣẹ́. Bí ojú rírán kọ̀ọ̀kan bá wá fi ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì kan ṣoṣo jẹ aṣọ jù, ìbora náà yóò dín ní íǹṣì 2 ó lé níbùú. Bó bá jẹ́ pé ìlà kan ló ṣe bẹ́ẹ̀ tí èkejì kò ṣe é, igun wọn kò ní pàdé mọ́. Ìdí nìyí tí obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi máa ń tú ohun tó ti rán lálẹ́ àná.

Ní ayé àtijọ́, àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1979, ilé iṣẹ́ Olfa ti ilẹ̀ Japan gbé ọ̀bẹ kan jáde tí ojú rẹ̀ rí róbótó, tó ń yí bí táyà kẹ̀kẹ́. Ó ń gé aṣọ ìpele mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀bẹ yìí ló jẹ́ kí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ lè rí nǹkan ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú kó tó sùn.

Púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe télọ̀. Nọ́ọ̀sì ni òmíràn, olùkọ́ ni òmíràn, òmíràn ti fẹ̀yìn tì. Tábìlì oúnjẹ ni tábìlì iṣẹ́. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n. Àìsàn kan sì ń ṣe wọ́n tí wọn kì í sá fún: wọ́n máa ń ra aṣọ ju èyí tí wọ́n lè rán lọ. Nílé ìtajà wọn, aṣọ kéékèèké tó jẹ́ íǹṣì 18 sí 22 ni wọ́n ń ká fún títà, ó sì rọrùn láti mú márùn-ún nígbà tí ẹyọ kan ni ènìyàn wá rà. Kọ́bọ́ọ̀dù á kún. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí á máa pọ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìṣòro tòótọ́ wà, kì í ṣe nínú owó aṣọ. Kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá àgbà kan dolóògbé, kí àwọn ọmọ wá ṣí àpótí, kí wọ́n bá òkè ìbora mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò tíì ní òwú, tí kò tíì ní ìsàlẹ̀. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń rán ọ̀kan fún ti lè gbéyàwó láti ọdún mẹ́wàá.

Ológbò lórí tábìlì

Lọ́dọ̀ wa, ajá wà fún ṣíṣọ́ ilé, ológbò wà fún èkúté. Lọ́dọ̀ wọn, inú yàrá ìránṣọ gan-an ni wọ́n wà. Ẹni tó bá ní ológbò yóò sọ fún yín pé kò sí bí aṣọ ṣe lè tó yáàdì kan nílẹ̀ tí ẹranko náà kò ní wá dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀. Ajá ní tirẹ̀ fẹ́ràn abẹ́ tábìlì, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó ń rán, irun rẹ̀ á sì bá òwú wọ inú ìbora.

Ẹ̀rín lèyí, ṣùgbọ́n ewu wà ńbẹ̀. Òwú ìránṣọ ń wu ológbò láti fi ṣeré, ó sì lè gbé e mì. Bí òwú gígùn bá há sínú ìfun rẹ̀, ó lè fún ìfun náà pọ̀ kó sì gé e, dókítà ẹranko á ní láti ṣiṣẹ́ abẹ. Bí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́nu òwú náà, ó tún burú jù. Nítorí náà, àwọn tó gbọ́n máa ń ka abẹ́rẹ́ wọn kí wọ́n tó dìde, wọn kì í sì í fi òwú sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ nílé tí ọmọ tó ń rá wà, ẹ ó rí i pé ìmọ̀ràn náà kò pin sí ti ológbò. Àjákù tó kéré jù láti rán mọ́ aṣọ, àwọn kan máa ń dì í sínú àpò, wọ́n á fi ṣe ìrọ̀rí fún àwọn ajá tí kò nílé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, ìdílé á wọkọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹni tí yóò tọ́jú ológbò. Èkejì ni ohun tí ìyá yóò máa rán lọ́nà, nítorí ẹ̀rọ kò ṣeé gbé lọ sínú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ń gé bébà sí onígun mẹ́fà, wọ́n á ká aṣọ bò ó, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ rán ọ̀kan mọ́ èkejì. Kí wọ́n tó wakọ̀ wákàtí mẹ́rin, òdòdó kan ti jáde.

Ibi tí wọ́n ń lọ pọ̀. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Oregon tó ń jẹ́ Sisters. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àfihàn kan níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Sátidé kejì oṣù keje. Wọ́n máa ń gbé ìbora alábùlẹ̀ kọ́ ara ilé káàkiri ìlú, nínú oòrùn, bí ẹni pé gbogbo ará ìlú fọṣọ lọ́jọ́ kan náà. Ní Paducah, ìpínlẹ̀ Kentucky, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà fún ìbora alábùlẹ̀ nìkan. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí i. Ní Adams County, ìpínlẹ̀ Ohio, obìnrin kan tó ń jẹ́ Donna Sue Groves fẹ́ bu ọlá fún ìyá rẹ̀ tó ń rán ìbora. Ó ní kí wọ́n kun àwòrán àbùlẹ̀ sára pákó ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́ ara ilé tí àgbẹ̀ ń kó irè oko sí. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ó tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wakọ̀ láti oko dé oko láti lọ wò wọ́n. Ní ti àwọn ọkọ, àga ni àwọn ilé ìtajà aṣọ kan máa ń gbé sílẹ̀ fún wọn lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tí àìní kọ́ níṣẹ́

Ẹ má ṣe rò pé fàájì ni gbogbo rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí odò Alabama gbé ṣẹ́po, abúlé kan wà tí a mọ̀ sí Gee's Bend. Àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ lóko òwú ló ń gbé ibẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ Pettway, orúkọ ẹni tó ra oko náà ní ọdún 1845. Òtútù ń wọ inú ilé onípákó wọn. Ohun tó bá ṣẹ́kù lára ṣòkòtò oko àti àpò ni àwọn ìyá ń rán pọ̀ láti fi bo ọmọ. Ní ọdún 1942, nígbà tí ọkọ Missouri Pettway kú, ó kó aṣọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń lọ sóko, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Arlonzia gé wọn, wọ́n sì rán wọn di ìbora kan. Ó ní òun fẹ́ máa fi rántí rẹ̀, kí òun sì máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ibi tí orúnkún ti jẹ aṣọ náà, ó hàn lára rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọdún 1962, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò, wọ́n dá ọkọ̀ tó ń gbé wọn sọdá odò lọ sí Camden dúró. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ di nǹkan bí wákàtí kan lójú ọ̀nà. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ náà tó padà. Ní ọdún 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn, nígbà tí àwọn kan ti pàdánù ilẹ̀ àti iṣẹ́ nítorí ìbò. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé ìbora wọn kọ́ ara ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston, àti ní New York lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 2006, ìjọba fi àwòrán wọn ṣe sítáǹbù lẹ́tà.

Ẹ ó gbọ́ ìtàn mìíràn pé àwọn ẹrú ń fi àwòrán ara ìbora ṣe àmì ọ̀nà fún àwọn tó ń sá. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kò rí ẹ̀rí fún un, àwa kò sì ní fi kún un.

Nígbà náà, aṣọ ló ṣọ̀wọ́n. Lónìí aṣọ pọ̀ nílé ìtajà, àkókò ló ṣọ̀wọ́n, àkókò náà gan-an sì ni wọ́n dì sínú ìbora tí wọ́n gbé wá fún ọmọ-ọmọ yín. Àwa náà kò sì kúkú jìnnà sí iṣẹ́ yìí. Kí ni aṣọ òkè? Awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, télọ̀ ló ń rán awẹ́ mọ́ awẹ́ kó tó di ìró àti agbádá. Aṣọ tí a fi ń ṣe ìyàwó, àwẹ́pọ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ sì ni àpò àjákù ankara wà lábẹ́ tábìlì gbogbo télọ̀ ní ìlú yìí. Ọmọbìnrin yín tó wà ní ìsinmi lè fi ẹyọ mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó, kó fi ṣe ìrọ̀rí. Kó fọ àjákù náà kọ́kọ́, nítorí ankara mìíràn máa ń ṣí.

Kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Harriet Powers, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Georgia ní ọdún 1837, rán ìbora kan tó ní àwòrán Bíbélì mọ́kànlá: Ádámù àti Éfà, Kéènì àti Ébẹ́lì, àlá Jékọ́bù, ìrìbọmi Jésù, Júdásì àti owó rẹ̀. Ó gbé e lọ sí àfihàn ní ìlú Athens ní ọdún 1886. Olùkọ́ àwòrán kan, Jennie Smith, fẹ́ rà á, kò tà á. Nígbà tí nǹkan wá le, ó gbé e wá, ó ní dọ́là 10. Dọ́là 5 ni Smith rí san. Lẹ́yìn náà, ó ń padà wá wo ìbora náà nílé ẹni tó rà á. Smith kọ ohun tí Powers sọ nípa àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi mọ orúkọ rẹ̀, tí a sì mọ ohun tó ní lọ́kàn. Washington ni ìbora náà wà báyìí, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian. Ọ̀pọ̀ ìbora tó dàgbà tó tirẹ̀ kò ní orúkọ lára. Aṣọ funfun kékeré kan ni àwọn aránbora òde òní ń rán mọ́ igun ìsàlẹ̀, wọ́n á fi yíǹkì tí kì í ṣí kọ orúkọ ẹni tó rán an sí i, orúkọ ìlú, ọdún, àti ẹni tí wọ́n rán an fún.