Aboyún, Oògùn Olóró àti Abẹ́rẹ́ Akunnilóorun

Nígbà tí wọ́n bá gbé aboyún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà tí yóò fún un ní oògùn akunnilóorun ní ìbéèrè kan tí kò gbọdọ̀ fò: oògùn wo lo lò, ìgbà wo sì lo lò ó gbẹ̀yìn? Àwọn kan rò pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ fi í dá. A fẹ́ kí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa mọ ìdí rẹ̀.

Kokéènì àti methamphetamine, èyí tí wọ́n ń pè ní mkpuru mmiri nígboro, máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọkàn a máa sáré, ẹ̀jẹ̀ a sì ru. Ibi ọmọ lè tú kúrò lára ilé ọmọ kí ọjọ́ ìbí tó pé, kí iṣẹ́ abẹ sì di kánmọ́kánmọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn olóró fà jọ èyí tí oyún fúnra rẹ̀ máa ń fà, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Bí wọ́n bá kun ìyá lóorun pátápátá, tí wọ́n sì ki rọ́bà sí i lọ́fun kí ó lè máa mí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru sókè lójijì débi tí ọkàn yóò fi máa lù ségesège. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo methamphetamine lè nílò oògùn akunnilóorun ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lè pọ̀ jù fún un.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ńkọ́? Òun ni wọ́n sábà máa ń yàn bí àyè bá wà, ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ephedrine tí wọ́n fi ń gbé e sókè lè má ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ti pẹ́ nídìí oògùn olóró, nítorí ohun tí ephedrine ń tú jáde nínú ara ti tán. Phenylephrine ni dókítà tó bá mọ̀ ṣáájú yóò pèsè.

Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, bí àṣẹ ilé ẹjọ́, nìkan ni wọ́n lè tú u. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà láti ìgbà tí ẹ bá ti forúkọ oyún sílẹ̀. Bí ìyá bá ti dákú, ẹni tó gbé e wá ni kí ó pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó sọ ohun tó mọ̀, kódà bí ó jẹ́ ìfura lásán.