Ètò Ìlera Àwọn Ológun: Ọ̀nà Ṣì Jìn Láti Ajah Dé Ọsibítù

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ìjọba ń tún ètò ìlera àwọn ológun ṣe, ó lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ kákí nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti Lẹ́kí títí dé Ajah, àwọn ajagun-fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, àwọn opó ológun wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó àti ọmọ àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọsibítù ológun máa ń gba ará ìlú tí kò gbé ìbọn rí. Ohun tó bá kan ọsibítù ṣọ́jà, ó kan ará àdúgbò.

Ìtàn ló gbé àwọn ọsibítù náà sí ibi tí wọ́n wà. Ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà ní Yábàá, òmíràn wà ní òpópónà Awólọ́wọ̀ ní Ìkòyí. Ti ọmọ ogun ojú omi wà ní Ọ̀jọ́, ti òfúrufú sì wà ní Ìkẹjà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ìgbòbì ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́, kí ibẹ̀ tó di ọsibítù eegun fún tolórí tẹlẹ́mù ní ọdún 1945. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹrẹ̀, igbó àti abúlé apẹja ló pọ̀ ní Lẹ́kí. Lẹ́yìn ọdún 1980 ni ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ilé wá kún dé Ajah, ó sì kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọsibítù ńlá náà kò tẹ̀ lé àwọn ènìyàn.

Ní ti owó, àtúnṣe ti wáyé. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1983, nígbà tí Sani Abacha ń kéde pé àwọn ológun ti gbàjọba, ara ẹ̀sùn tó kà sí àwọn alágbádá lọ́rùn ni pé ọsibítù kò ní oògùn, kò lómi, kò sì ní irinṣẹ́. Àwọn ológun fúnra wọn ló wà lórí àlééfà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e. Oṣù Karùn-ún ọdún 1999, nígbà tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin adójútòfò ìlera. Ọdún 2005, lásìkò Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Owó kan máa ń wọlé fún ilé ìwòsàn lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, yálà ara onítọ̀hún le tàbí kò le. Bí àìsàn bá ju agbára ibẹ̀ lọ, wọn yóò fi ìwé gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ńlá, a ó sì san owó ìyẹn lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà wà fún. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò dá Defence Health Maintenance Limited sílẹ̀ láti bójú tó ti àwọn ológun. Ní ọdún 2022, òfin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n owó kò lè sọ ọ̀nà jíjìn di ìtòsí. Ká ní ìyàwó ṣọ́jà kan ń gbé ní Ajah, ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Borno, ọsibítù Ìkòyí ni wọ́n forúkọ sí, ìrọbí wá mú un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ìrọbí kì í dúró de sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Ìlànà adójútòfò fàyè gbà á pé, bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, kí aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn, bí ètò náà bá ti fọwọ́ sí ibẹ̀. Ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ kí ọjọ́ tó le.

Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, àwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi ìwọ́de EndSARS ní tóògéètì Lẹ́kí. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Adájọ́ Doris Okuwobi ṣe alága rẹ̀, lọ sí ọsibítù ológun Ìkòyí láìsọ tẹ́lẹ̀ láti wo mọ́ṣúárì ibẹ̀. Àwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ dá wọn dúró lẹ́nu géètì kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọsibítù tí ará ìlú yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òfin lè wọ̀ láìjà.

Àtúnṣe tó kù kò ju èyí lọ: kí ìtọ́jú sún mọ́ ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, kí ilẹ̀kùn ọsibítù sì ṣí fún àyẹ̀wò. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun kò yẹ kó tún máa bá ọ̀nà Lẹ́kí jagun kí ó tó rí dókítà.