Ta ló yẹ irin wò kí kọ́ńkéré tó bò ó?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò jáde láti Ọ̀tà á rí i bí ilé-iṣẹ́, ilé ìkẹ́rùsí àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onírẹ́ǹtì ṣe ń pọ̀ sí i títí dé Àtàn. Àwọn kan gbé pátákó síwájú sáìtì, orúkọ ẹnjiníà àti kọngílá sì wà lára rẹ̀. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn.

Èèyàn méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, a sì máa ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Alámòójútó sáìtì ni onílé tàbí kọngílá ń sanwó fún. Òun ló ń wà pẹ̀lú àwọn bíríkìlà àti lébìrà láràárọ̀. Ayẹléwò ní tirẹ̀, ìjọba ló rán an níṣẹ́, ìgbà díẹ̀ ló sì ń yọjú. Ti Àtàn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. LASBCA, àjọ ayẹléwò tó ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé l'Ékòó, kò láṣẹ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó lọ̀pọ̀ ará Àtàn ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Lọ́dún 2003 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ ọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ilé kíkọ́, kì í ṣe Àbújá.

Ọ̀pọ̀ fómáànù tó ń ṣe alámòójútó sáìtì, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì lè gba ìwé ẹ̀rí "trade test" ìjọba àpapọ̀. N kò fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí akọ́lé gbọ́dọ̀ ní HND tàbí dìgírì (Covenant àti Bells ń kọ́ni níṣẹ́ náà ní Ọ̀tà níbí), kó tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON, àjọ tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀. Ti àwọn ẹnjiníà ni COREN, láti ọdún 1970.

Kí ni wọ́n ń wò? Kí wọ́n tó da kọ́ńkéré, ayẹléwò tó mọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á ka irin, á wọn bó ṣe nípọn tó, á wò ó bóyá àwọn bísíkíìtì tó yẹ kó gbé irin kúrò lórí pákó pé. Bí irin bá lẹ̀ mọ́ pákó, ìta ni yóò wà, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan kóònù irin, gíga rẹ̀ jẹ́ 300 mìlímítà. Wọ́n á rọ kọ́ńkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, wọ́n á fi ọ̀pá gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25, wọ́n á wá fa kóònù sókè. Bí kọ́ńkéré bá tú ká bí ẹ̀kọ gbígbóná, omi ti pọ̀ jù. Lébìrà fẹ́ràn omi, torí ó ń jẹ́ kó rọrùn láti dà. Omi yẹn náà ló ń sọ kọ́ńkéré di aláìlágbára. Wọ́n tún máa ń bu díẹ̀ sínú àpótí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 mìlímítà, bó bá ti le, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ fọ́ ọ lọ́jọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Àpò símẹ́ńtì náà ṣe é kà. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti ní kí wọ́n máa fi símẹ́ńtì tí wọ́n kọ 32.5 sára àpò rẹ̀ rẹ́ ògiri nìkan.

Ìmọ̀ nìkan kò tó ṣá. Ní Ìkòyí l'Ékòó, iléeṣẹ́ ẹnjiníà kan kọ̀wé yọwọ́ nínú iṣẹ́ ilé Gerrard Road lọ́dún 2020, torí ọkàn wọn kò balẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 náà wó, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ onílé lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ayẹléwò ìjọba ló lè ti sáìtì pa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò fẹ́ àyẹ̀wò fi ń da dẹ́kìn lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ọ́fíìsì ti tì.

Onílé tó wà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fowó ránṣẹ́ sí Àtàn lè béèrè nǹkan méjì kó tó san ti àjà kejì: èsì àyẹ̀wò ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, àti nọ́ńbà CORBON tàbí COREN ẹni tó buwọ́ lù ú.