Kí O Tó Fọwọ́ Sí Iṣẹ́ Ọ̀fíísà

Ní ọdún 1958, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti yege ìdánwò ìwọlé sí Yunifásítì Ìbàdàn, àmọ́ kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Ó rí ìkéde pé ilé iṣẹ́ ológun ń wá àwọn tí wọ́n máa kọ́ di ọ̀fíísà. Ó kọ̀wé, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lọ sí Teshie ní Gánà, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Aldershot ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tètè sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé wọn ò ní fara mọ́ ọn. Ohun tó rò kò ju pé òun á máa kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì máa sanwó fún òun. Ìṣirò kan náà ni wọ́n ń ṣe lónìí nínú ọ̀pọ̀ rúùmù àti pálọ̀ ní Ìkòtún àti Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, nígbà tí èsì JAMB bá jáde. Ìṣirò náà kò burú. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, márùn-ún ni wọ́n máa ń kà, wọn kì í ka ọgbọ̀n ọdún tó máa tẹ̀ lé e.

Ká kọ́kọ́ ya ohun kan sọ́tọ̀. Ọ̀fíísà àti ọmọ ogun kékeré kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, bí aṣọ wọn tilẹ̀ jọra. Ìwé ẹ̀rí girama ni ọmọ ogun kékeré fi ń wọlé, ó sì ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ bí oṣù mẹ́fà ní Depot tó wà ní Zaria. Ọ̀fíísà gba kọmíṣọ̀n, ìyẹn ìwé tó fún un láṣẹ láti darí àwọn ẹlòmíì. Ọmọ ọdún 23 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọmíṣọ̀n, sájẹ́ńtì tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ á nà ró kí i. Ó dùn mọ́ni létí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 23 yẹn bá kó àwọn èèyàn rẹ̀ gba ọ̀nà tí kò yẹ tí ẹ̀mí fi bọ́, òun ni wọ́n máa bi, wọn kò ní bi sájẹ́ńtì. Ẹni tó bá kórìíra kí wọ́n bi òun léèrè ohun tí ẹlòmíì ṣe, kó má wulẹ̀ ka ìyókù.

Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀fíísà orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ á fi NDA ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, á tún lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NDA fúnra rẹ̀. Ẹni tó ṣe ọ̀kan tó gbàgbé èkejì ti fi ọdún kan ṣòfò. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí kò ga tó mítà 1.68 kò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí kò tó mítà 1.65. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó kò ní àyè níbẹ̀. Àwọn tó bá yege ìdánwò orí ìwé á lọ sí Kàdúná, níbi tí wọ́n á ti lo ọjọ́ bíi mélòó kan: wọ́n á sáré, wọ́n á gun okùn, dókítà á yẹ̀ wọ́n wò láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á sì jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò máa bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ẹni tí wọ́n bá mú á lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, mẹ́rin fún ìwé dìgírì, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ ogun. Kì í san owó ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń fún un láṣọ, wọ́n sì ń fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Bó bá jáde, ó di Second Lieutenant, ìràwọ̀ kan léjìká, iṣẹ́ sì ti wà lọ́wọ́. Ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọbìnrin sínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀fíísà ajagun níbẹ̀, nítorí náà ìyá tó ń sọ pé ti ọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́ orí ló máa ń já àwọn ọmọ àdúgbò wa kulẹ̀ jù. Ọdún 21 ni ìkéde NDA sábà máa ń fi ṣe òpin. Ọmọ tó jáde girama ní 17, tó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì tí kò bọ́ sí i, tó wá lọ ń bá wọn ta fóònù ní Ìkòtún fún ọdún méjì kí owó lè wọlé, ó ti kọjá 21 kó tó rántí pé òun fẹ́ ṣe ọ̀fíísà nígbà kan rí. Ilẹ̀kùn yẹn ti tì mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un nígbà tó ń tì.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tún wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì kan Alímọ̀ṣọ́ ju ọ̀pọ̀ ibòmíì lọ. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní tiwọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilé ni wọ́n kọ́ sí Alímọ̀ṣọ́, ìlú wọn wà níbòmíì. Ilé iṣẹ́ ológun máa ń pín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí bàbá ti wá ni wọ́n sì ń wò. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìgándò, tí kì í lọ sí Ọ̀ṣun àfi ọdún Iléyá, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ni yóò bá du àyè. Ìwé pé ó jẹ́ ọmọ ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò fún un. Ẹni tí bàbá rẹ̀ wá láti Èjìgbò l'Ọ́ṣun kò gbọdọ̀ lọ gbà á ní Èjìgbò tó wà lẹ́yìn Ìkòtún, bí owó ọkọ̀ tibí tilẹ̀ dínkù. Ẹni tó bá ra ìwé ọmọ Èkó, tí wọ́n wá bi í léèrè nípa agbo ilé rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, á rí bí ojú ṣe ń ti èèyàn.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni DSSC (Direct Short Service Commission), ti àwọn tó ti kàwé gboyè tí wọ́n sì ti sin ilẹ̀ bàbá wọn gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Láti 20 sí 32 ọdún ni ìkéde rẹ̀ máa ń sọ, àmọ́ dókítà onímọ̀ àkànṣe lè dé 40. Àwọn tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, agbẹjọ́rò, olùkọ́, akọ̀ròyìn, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, títí dé orí àlùfáà àti ìmáàmù. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò gùn tó ti NDA, wọ́n sì máa ń jáde ní Lieutenant, ìràwọ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́jáde LASU tó ń gbé ní ojú ọ̀nà Ìgándò, tó ti pé 26, ibí yìí ni kó máa wò, kó fi NDA sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé iṣẹ́ tó kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ gbà á. Agbẹjọ́rò tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹjọ́ ni yóò máa ṣe nínú aṣọ ológun. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbi kó kó ọmọ ogun lọ sójú ìjà, kó wá Short Service tó jẹ́ ti ajagun, ìkéde tirẹ̀ ń jáde lọ́tọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn á kàn wọlé bí ọmọ ogun kékeré ná, àwọn á gòkè tó bá yá. Ó ṣeé ṣe. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ṣe bẹ́ẹ̀: ó wọṣẹ́ ní 1943, ó di ọ̀fíísà ní 1954. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ka ọdún mọ́kànlá náà dáadáa.

Nígbà tí a wà lórí èyí, Command Secondary School tó wà ní Ìpájà kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kankan. Ilé iṣẹ́ ológun ló ni ín lóòótọ́, àmọ́ ọmọ aráàlú ń lọ síbẹ̀, ẹni tó bá jáde níbẹ̀ kò jẹ ológun ní gbèsè kankan. Nigerian Military School ní Zaria ni ó yàtọ̀. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ ti di ọmọ ogun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù DSSC àti ti ọmọ ogun kékeré kì í ṣe títà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Owó tí onílé kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá gbà, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀gágun kan tó máa bá yín fi orúkọ ọmọ yín síbẹ̀, owó yín ló mọ̀.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ náà gan-an. Second Lieutenant máa ń darí bí ọgbọ̀n èèyàn. Wọ́n lè fi í sí Ìkẹjà, wọ́n lè fi í sí Borno, òun kọ́ ni yóò yàn. Àwọn èèyàn máa ń rò pé Borno nìkan ni ewu wà, pé ẹni tí wọ́n bá fi sí gúúsù ti bọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n pa ológun 17: Lieutenant Colonel kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn, Major méjì, Captain kan, àti ọmọ ogun mẹ́tàlá. Aáwọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjì ni wọ́n lọ parí. NDA fúnra rẹ̀ kò bọ́: ní oṣù Kẹjọ 2021 àwọn agbébọn wọ ọgbà rẹ̀ ní Afaka, wọ́n pa ọ̀fíísà méjì, wọ́n sì gbé ìkẹta lọ. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ọmọ. Mo ń sọ ọ́ kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fìwé pè é ni ìyá rẹ̀ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni ọ̀nà àtijáde. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó bá sú ọ, o kọ̀wé, o lọ. Ológun tó bá dìde lọ láìgbàṣẹ ti ṣẹ̀ sí òfin, ilé ẹjọ́ àwọn ológun ló máa gbọ́ ọ. Kíkọ̀ láti jà tún le ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ ológun dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ ogun 54 tó kọ̀ láti lọ bá Boko Haram jà. Àwọn náà ní kò sí ohun ìjà tó tó lọ́wọ́ àwọn. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ọ̀fíísà lè kọ̀wé fipò sílẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lè ní àwọn ò gbà. Ọ̀fíísà òfurufú kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Àbújá, Adájọ́ Emmanuel Subilim sì dá a láre ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ó ní abala 306 ìwé òfin 1999 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ọkùnrin náà ṣe kó tó rí i gbà.

Ìgbéga náà ní tirẹ̀. Ọdún 35 ni òkè pátápátá iṣẹ́ ológun, àwọn tó sì ń dé ipò ọ̀gágun kéré gan-an. Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobù, wọ NDA ní 1987, ó gba kọmíṣọ̀n ní 1992, ó di olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023. Bó ṣe dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gágun tó wọ NDA ṣáájú rẹ̀ ní láti kẹ́rù wọn lọ ilé, torí pé àgbà kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ àbúrò nínú iṣẹ́ yẹn. Wọn kò ṣẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ni wọ́n mú. Iṣẹ́ tí èèyàn lè mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa tí ìyànsípò ẹlòmíì sì rán an lọ sílé ní 53, ó yẹ kó ti ní ohun mìíràn lọ́kàn láti 40. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, láti 2011 ni wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí. Àpò ìjọba ni tiwọn ti ń wá, nípasẹ̀ Military Pensions Board. Ó dára lórí ìwé, àmọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n ń béèrè owó wọn.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Bí ọmọ ọdún 18 bá ń lọ sí NDA, ìbéèrè tí mo máa bi í ni pé: tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti san owó LASU fún ọ, ṣé wàá ṣì lọ? Bó bá rò ó kó tó dáhùn, kó dúró. Ẹni tó ti pé 27, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, tó mọ bí ara òun ṣe rí, tirẹ̀ dá mi lójú jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn DSSC ju bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Kí ó lọ bá ìyàwó ọ̀fíísà kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kó má bá ọ̀fíísà nìkan sọ ọ́. Obìnrin náà ló mọ iye ìgbà tí wọ́n ti kó ilé, ọmọ tó ti pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àti bí fóònù ṣe máa ń dún lóru.

Ẹni tó bá ti pinnu, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí WAEC, NIN, JAMB àti ìwé ìbí bá ara wọn mu, títí dé lẹ́tà kan. Àtúnṣe NIN máa ń pẹ́, ìkéde kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kó tún máa sáré láàárọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ báyìí, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n bá pè é.