Fùkù Ẹlẹ́gúsí: Ikọ́ Fée Tí Ń Bẹ Nínú Agbo Màlúù

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń ra ẹran ní Mile 12, ní Kétu àti ní Ìkòsì, ẹ mọ fùkù dáadáa. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se ọbẹ̀ nígbà tí owó kò bá tó ra ẹran gidi. Ṣùgbọ́n fùkù kan wà tí àwọn alápatà fúnra wọn sọ lórúkọ: fùkù ẹlẹ́gúsí. Bí ọ̀bẹ bá la irú fùkù bẹ́ẹ̀, kókó wẹ́wẹ́ ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, bí ẹ̀gúsí tí ó dì nínú ọbẹ̀. Nígbà mìíràn ọyún kíki ni, nígbà mìíràn ó ti le débi pé ọ̀bẹ a máa dún lára rẹ̀ bí ẹni ń gé iyanrìn. Ẹ̀gúsí kọ́ o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ikọ́ fée, tí àwọn mìíràn ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ni ó ti mú màlúù náà kí wọ́n tó pa á.

Ní 2013 àwọn oníwádìí kan tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí 349 ènìyàn tí ń fi ẹran ṣiṣẹ́ ṣe ní Nàìjíríà. Nǹkan bí 22 nínú 100 wọn ni ó ń jẹ fùkù ẹlẹ́gúsí yìí. Àwọn kan ń jẹ ẹ́ níṣojú oníbàárà, kí ó lè gbà pé ẹran náà dára! Àwọn tí ó mọ̀ pé ó lè kó ikọ́ ran ènìyàn kò ju bí 28 nínú 100 lọ.

Ẹnìkan lè wí pé: “Alùfáà, wọ́n ṣáà ti ṣe Bismillah sí i.” Òótọ́ ni. Bismillah kò ní kí a má wo ohun tí ó wà nínú ẹran. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ àti ohun tí ó dára ni ẹ̀sìn wa so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. A sì mọ̀ pé ẹran Iléyá kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba, tàbí èyí tí ó rù kan egungun. Ìṣòro ikọ́ yìí ni pé kì í tètè hàn. Màlúù lè sanra, kí ara rẹ̀ máa dán, kí ó sì ti gbé kòkòrò ọ̀hún sínú láti ọdún mélòó kan, kí ó máa wú u jáde sí imú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Robert Koch, ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ rí kòkòrò ikọ́ fée ní 1882, sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1901 pé ti màlúù kò lè ṣe ènìyàn ní ibi tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ sí i. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń ran ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọ tí ń mu wàrà tí a kò sè. Ọrùn ọmọ a wú, inú a máa run ún, eegun ẹ̀yìn àwọn mìíràn a tẹ̀. N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín ju bí ó ti yẹ lọ: èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikọ́ fée tí ń bẹ nígboro wa, ènìyàn ni ó kó o ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n ti màlúù ní agídí tirẹ̀. Ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, èyí tí ń jẹ́ pyrazinamide, kò lè pa á.

Nípa ti wàrà, ẹ fi ìyàtọ̀ sí i. Wàrà dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, iná ni wọ́n fi ń sè é pẹ̀lú omi ewé bomubomu títí yóò fi dì, nítorí náà ó sàn. Nónò tí a ń pò mọ́ fùrá ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé wàrà tútù ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ó kan. Kíkan kò tó láti pa kòkòrò yìí. Iná ni ń pa á.

Báwo ni àwọn ẹlòmíràn ṣe lé e kúrò? Dókítà ẹran á gún màlúù ní abẹ́rẹ́ kékeré sí awọ ọrùn, á padà wá lọ́jọ́ kẹta. Bí ojú abẹ́rẹ́ náà bá wú, wọ́n á pa màlúù náà, ìjọba á sì san owó fún ẹni tí ó ni ín. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1917, nígbà tí nǹkan bí màlúù kan nínú 20 ní in. Ní 1940, kò sí àdúgbò kan níbẹ̀ mọ́ tí ó ju màlúù kan nínú 200 lọ. Australia bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1970, ó sì bọ́ pátápátá ní 1997.

Ẹ kíyè sí owó tí mo dárúkọ yẹn, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa há sí. Màlúù ni báńkì Fúlàní. Bí a bá sọ fún un pé mẹ́ta nínú màlúù rẹ̀ ní ikọ́, tí a kò sì fún un ní kọ́bọ̀, kí ni yóò ṣe? Yóò tà wọ́n kíákíá ni. Ọkọ̀ yóò kó wọn wá sí Èkó, wọn yóò sọ̀ ní Kárà létí odò Ògùn, kò jìnnà sí wa níhìn-ín rárá, àwa ni a ó sì fi iyán jẹ wọ́n. Àwọn màlúù wa tún ń ti Niger, Chad àti Cameroon wọlé, kò sì sí ìwé tí ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń bú dáràndáràn nìkan kò tíì mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, odò ẹran ni odi wa títí di òní. Níbẹ̀ ni dókítà ẹran ti ń la fùkù, ẹ̀dọ̀ àti kókó abẹ́ ọrùn wò, tí ó sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹran. Ẹran tí a pa ní kọ̀rọ̀ lóru kò rí ojú dókítà. Ẹ bi alápatà yín níbi tí ó ti pa ẹran rẹ̀.

Ní Iléyá, bí ẹni méje bá dá owó ra màlúù kan, kí ẹ ní kí alápatà kọ́kọ́ la fùkù àti ẹ̀dọ̀ kí ẹ tó pín in. Bí ẹ bá rí ẹ̀gúsí níbẹ̀, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ pe dókítà ẹran tàbí wolé-wolé. Kí ẹ má gé ibi tí kò dára kúrò kí ẹ wá fi ìyókù ṣe sàárà, ẹ má sì jù ú fún ajá. Ilẹ̀ jíjìn ni kí ẹ gbẹ́ sin ín. Alápatà tí ó bá sì ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ìyàwó rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba láti yẹ itọ́ rẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ fée níbẹ̀.